ỌJỌ́ ORÍ Ọ̀SÀ
Ìtàn omi, ẹja àti àwọn àkọ́dé ní Èkó, fún àwa tí a wà ní Ungwan Romi

 

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Ungwan Romi níbí bi mí léèrè pé: “Bàbá, ọ̀sà tí ẹ máa ń dárúkọ yìí, ṣé òkun ni àbí odò?” Àwọn àgbà tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní, “Omi ńlá ni.” Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé n kò dá ọmọ náà lóhùn. Ó mọ Odò Romi tó wà ládùúgbò wa. Ó ti gba orí afárá Odò Kàdúná kọjá láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀sà tí ó bí Èkó, ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ti wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Òkè Ọya, kò rí i rí. Èsì tí n kò fún un lọ́jọ́ náà ni mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín, fún un àti fún gbogbo ọmọ wa.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ Ọ̀SÀ?

Yorùbá kò da òkun pọ̀ mọ́ ọ̀sà. Òkun ni alagbalúgbú omi iyọ̀ tí ojú kò rí òdì kejì rẹ̀. Odò ni omi tí ó ń ti òkè ṣàn wá, tí kò ní iyọ̀ nínú. Ọ̀sà ni omi tí ó dúró sí agbede méjì wọn. Iyanrìn etí òkun ló dá a dúró bí ògiri, tí kò jẹ́ kí omi odò já sínú òkun tààrà. Ẹnu tóóró kan ló ṣẹ́kù fún un. Ibẹ̀ ni omi òkun ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni omi odò ń gbà jáde.

Ọ̀sà Èkó gùn ju 50 kìlómítà lọ. Ibi tí ó ti fún jù kò ju nǹkan bí kìlómítà 3 lọ, ibi tí ó ti fẹ̀ jù sì tó 13. Bí ó ti fẹ̀ tó yìí, kò jìn. Bí a bá yọ ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ òkun kúrò, ọ̀pọ̀ ibi ni kò ju mítà 2 tàbí 3 lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí apẹja lè fi ọ̀pá gígùn kan ti ọkọ̀ rẹ̀ láti èbúté dé èbúté. Odò Ògùn àti Odò Ọ̀ṣun wà lára àwọn odò tí ó ń bọ́ sínú rẹ̀. Níhà ìlà oòrùn, ó so mọ́ ọ̀sà Lẹ́kí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Níhà ìwọ̀ oòrùn, omi tóóró kan gba Àgbádárìgì lọ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Nítorí náà, kí ó tó di pé a ní ọ̀nà ọ̀dà, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ láti Àjàṣẹ́ dé Èkó, kí ó sì kọjá sí Ẹ̀pẹ́, láìjẹ́ pé ìgbì òkun fọwọ́ kàn án.

Kì í ṣe àwa nìkan ni òkun wọlé tọ̀. Ní Skọ́tíláǹdì, níbi tí àwọn ọmọ wa kan ń gbé báyìí, omi òkun wà tí ó wọ àárín òkè lọ jìnnà, tí wọ́n ń pè ní loch. Ṣùgbọ́n yìnyín ńláńlá ayé àtijọ́ ló gbẹ́ tiwọn, ìdí nìyẹn tí ó fi jìn kanlẹ̀ láàrin àwọn òkè. Tiwa, iyanrìn ni ìgbì òkun ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ògiri. Iṣẹ́ sùúrù ni.

OMI NÁÀ PÀÁPÀÁ, ÀLEJÒ NI

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni ọjọ́ orí ọ̀sà. A máa ń rò pé láti ìgbà ìwásẹ̀ ni omi ti wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní nǹkan bí ọdún 20,000 sẹ́yìn, òtútù mú ayé púpọ̀. Omi tó pọ̀ ti di yìnyín sí ìhà àríwá ayé, òkun sì fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú omi fi rẹlẹ̀ ju ti òní lọ ní nǹkan bí 120 mítà. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ibi tí Èkó wà lónìí. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ nígbà náà yóò rin ọ̀pọ̀ kìlómítà kí ó tó fojú kan òkun. Nígbà tí ayé tún móoru, yìnyín yọ́, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí ó wà lónìí ní nǹkan bí ọdún 6,000 sí 7,000 sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí ni ìgbì wá ráyè to iyanrìn jọ sí etí ilẹ̀, tí omi odò sì há sẹ́yìn iyanrìn náà. Bí ọ̀sà tí a mọ̀ lónìí ṣe dáyé nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ kí a fi ọjọ́ orí rẹ̀ wé ti ènìyàn. Ní ọdún 1965, ọ̀jọ̀gbọ́n awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wa egungun ènìyàn jáde ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsàrun, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní. Egungun náà ti lé ní ọdún 11,000. Èyí fi hàn pé ènìyàn ti ń dáná nínú ihò àpáta nínú igbó ilẹ̀ wa nígbà tí òkun ṣì ń bọ̀ lọ́nà, tí kò tíì sí ọ̀sà ní Èkó.

Èkejì ni ó kan àwa ará Òkè Ọya gan-an. Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní ibi tí ó di ìpínlẹ̀ Yobe lónìí. Nígbà tí ó gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn tó nǹkan bí mítà 5, irinṣẹ́ rẹ̀ kan igi líle. Àwọn awalẹ̀pìtàn ọmọ Nàìjíríà àti ti Jámánì wá, wọ́n hú u jáde ní 1994: ọkọ̀ ojú omi ni! Odidi igi kan ni wọ́n gbẹ́ ṣe é, ó gùn ju mítà 8 lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí ọdún 8,000. Kò sí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n tíì rí ní gbogbo Áfíríkà tí ó dàgbà jù ú lọ. Nígbà náà, òjò ń rọ̀ dáadáa lókè ọ̀hún, adágún Chad sì gbòòrò ju bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi ro èyí wò. Ilẹ̀ Àríwá tí a máa ń pè ní ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti rí ọkọ̀ ojú omi tí ó dàgbà ju ọ̀sà Èkó lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún ọmọ wa pé Gúúsù ló ni omi, Àríwá ló ni iyanrìn, kí ọmọ náà mọ ohun tí yóò fi dáhùn.

ÀWỌN TÍ Ó BÁ OMI DỌ́RẸ̀Ẹ́

Bí omi ṣe jẹ́ àlejò, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó tẹ ìlú dó sí etí rẹ̀. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé Ògúnfúnminírè, tí wọ́n tún ń pè ní Olófin, kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó gbé àwo lé ojú omi, ó sì ń tẹ̀lé e. Ibi tí àwo bá dúró sí, òun náà á dúró. Ó gba ọ̀nà Odò Ògùn sọ̀ kalẹ̀ dé Ìṣẹri. Nígbà tí àwo náà rì, tí àwọn ènìyàn béèrè rẹ̀, èsì ni pé, “Àwo ti rì.” Ibẹ̀ ni orúkọ Àwórì ti jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ síwájú dé Ẹ̀búté Mẹ́tta àti Ìddó.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Olófin ni Àrómirẹ́. Orúkọ rẹ̀ ń sọ nípa ẹni tí ó bá omi dọ́rẹ̀ẹ́. Ìtàn ní òun ni ó ń ti Ìddó kọjá sí erékùṣù lọ pẹja, tí ó sì dá oko ata síbẹ̀. Orí oko ata yìí ni wọ́n wá kọ́ ààfin ọba Èkó sí, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìgá Ìdúngánrán títí di òní. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ogun ni ìtàn Èkó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀n ẹja àti oko ata ni.

Àwọn mìíràn wá bá wọn níbẹ̀. Àwọn ará Ìbíní wá, wọ́n sì dá ibùdó ogun sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé èdè wọn ni “Èkó” ti wá. Ní 1472, Rui de Sequeira, ará Potogí, dé etíkun náà. Àwọn Potogí pe omi náà ní Lago de Curamo, láti ara “lago” yìí sì ni orúkọ Lagos ti wá. Nígbà tí dókítà ará Jámánì kan, Andreas Josua Ulsheimer, dé Èkó ní nǹkan bí 1603, ó bá ìlú kan tí ó kún fún àwọn ọmọ ogun ọba Ìbíní. Àwọn Ègùn wá láti ìhà Àgbádárìgì àti Bẹ̀nẹ̀, àwọn Ìlàjẹ àti Ìjọ wá láti ìlà oòrùn, àwọn Ìjẹ̀bú wà ní òkè ọ̀sà. Ẹni tí ó bá ní òun nìkan ni onílẹ̀ ní Èkó, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ omi.

Ṣùgbọ́n ìtàn ọ̀sà kò dùn tán. Omi tí ó gbé ẹja náà ni ó gbé ẹrú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Èkó di ọ̀kan nínú àwọn ọjà ẹrú tí ó tóbi jù ní etíkun yìí, ọ̀sà sì ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó àwọn ènìyàn wa dé ẹnu òkun. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin Èkó ní àgbá. Ọba Kòsọ́kọ́ sá gba orí ọ̀sà lọ, ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá.

Omi kan náà ṣe ibi ìsádi pẹ̀lú. Ní Bẹ̀nẹ̀, nítòsí Kútọnù, àwọn kan sá fún àwọn akónilẹ́rú Dàhọ̀mì, wọ́n lọ kan òpó mọ́ inú adágún Nokoué, wọ́n sì kọ́ ilé lé e lórí. Ganvié ni wọ́n ń pe ìlú náà, ó ṣì wà níbẹ̀ di òní olónìí. Àwa tí a rí bí àwọn ènìyàn ṣe di ẹrù wọn wá sí ìhà gúúsù Kàdúná yìí lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2000, a mọ ohun tí ibi ìsádi jẹ́. Kò sí ẹni tí ó máa kọ́ wa.

IṢẸ́ ẸJA LÓRÍ Ọ̀SÀ

Apẹja ọ̀sà kò lè ṣe bí apẹja odò, nítorí omi rẹ̀ kì í dúró sí ojú kan. Nígbà òjò, láti nǹkan bí oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹwàá, omi Ògùn àti Ọ̀ṣun á kún, á ti omi iyọ̀ jáde. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á tún padà wọlé. Ẹja ń tẹ̀lé omi tí ara rẹ̀ fẹ́. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tí iyọ̀ ń wọlé àti ìgbà tí ó ń jáde, àwọ̀n rẹ̀ á máa gbé koríko.

Ọ̀bọ̀kún àti ẹ̀pìyà wà níbẹ̀, akàn àti edé náà wà níbẹ̀. Irinṣẹ́ wọn ni àwọ̀n lóríṣiríṣi, ìwọ̀, àti ìgèrè tí wọ́n fi ń dẹ ẹja. Àwọn Ègùn ní ọgbọ́n kan tí a ń pè ní àkájà. Wọ́n á gún ẹ̀ka igi púpọ̀ sínú omi tí kò jìn, wọ́n á fi sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àwọ̀ tútù á hù lára igi, ẹja á wá jẹ ẹ́, á sì sá pamọ́ síbẹ̀ fún ẹja tó fẹ́ pa á. Nígbà tí ó bá tó àkókò, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á yọ igi, wọ́n á kó ẹja. Oko ni wọ́n dá sínú omi yẹn.

Ní etí ọ̀sà, igi ẹ̀gbà ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀. Àárín gbòǹgbò wọ̀nyí ni àwọn ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ ti ń dàgbà. Ẹ sì wo edé. Inú òkun ni ìyá edé ń yé ẹyin sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì tó èékánná á gba ẹnu ọ̀sà wọlé, wọ́n á dàgbà níbi tí ìgbì kò sí, lẹ́yìn náà wọ́n á tún padà sí òkun. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Edé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ọkùnrin bá pẹja, obìnrin ló ń sọ ọ́ di owó. Àwọn ìyá wa ni wọ́n ń yan ẹja kí ó má bàa bàjẹ́, tí wọ́n ń gbé e lọ sí ọjà, láti Ẹ̀pẹ́ títí dé àárín Èkó. Nígbà tí ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ní 1912, ọjà ọ̀nà jíjìn gba ọ̀nà tuntun. Lónìí, ẹja gbígbẹ ti adágún Chad tí àwọn Haúsá ń pè ní banda ń gba Òkè Ọya sọ̀ kalẹ̀ dé ọjà Ìbàdàn àti Èkó. Ìyàwó ilé ní Ungwan Romi tó ra banda láti se ẹ̀fọ́ rírò ti so omi Chad pọ̀ mọ́ ìkòkò Yorùbá.

OHUN TÍ Ó Ń ṢE Ọ̀SÀ LÓNÌÍ

Láyé àtijọ́, iyanrìn tó wà ní ẹnu ọ̀sà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ òkun ńlá wọlé. Láti 1908, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta ńláńlá sínú òkun ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀sà, kí ọ̀nà lè là. Ọ̀nà là lóòótọ́, Èkó sì di èbúté ńlá. Ṣùgbọ́n omi etíkun wa máa ń ti iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Òkúta wọ̀nyí dá iyanrìn náà dúró. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ń rí iyanrìn kó jọ, ṣùgbọ́n òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach ní ìhà ìlà oòrùn, ọdún dé ọdún. Ní oṣù Kẹjọ 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo lójijì, ó sì gbé ènìyàn lọ. Orúkọ tí àwọn Potogí kọ sílẹ̀ ni orúkọ ibẹ̀ títí di òní.

Nínú ọ̀sà fúnra rẹ̀, wọ́n ń kó iyanrìn dí omi láti kọ́ ilé. Omi ni ibi tí a ń pè ní Banana Island tẹ́lẹ̀. Ní 1984, koríko orí omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth gba ìhà Bẹ̀nẹ̀ wọlé, ó sì ń dí ọ̀nà ọkọ̀ apẹja. Ní oṣù Keje 2012, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé ní Mákòókò, níbi tí àwọn Ègùn apẹja ti ń gbé lórí omi láti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Àwọn tí ń gba orí Third Mainland Bridge kọjá, afárá tí ó gùn ju kìlómítà 11 lọ tí wọ́n ṣí ní 1990, máa ń rí àwọn ilé náà lókèèrè. Díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé irú iṣẹ́ tí Àrómirẹ́ ṣe kí ìlú tó di ìlú ni àwọn yẹn ń ṣe.

KÍ LÓ KAN ÀWA?

Ẹlòmíràn lè sọ pé, “Èmi kì í ṣe ará Èkó. Ará Ọ̀fà ni mí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Ìjẹ̀ṣà ni mí.” Ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ló ń ki ọba wọn ní Owá Obòkun, nítorí Ajíbógun tí ìtàn sọ pé ó lọ bu omi òkun wá fi wo ojú Odùduwà. Láti ayé àwọn baba ńlá wa, omi tó jìnnà ti wà lára ọ̀rọ̀ ilé wa.

Ìkejì, ẹ wo ibi tí a ń gbé. Ọ̀pọ̀ gbà pé inú èdè Haúsá ni orúkọ Kàdúná ti wá. Ọ̀nì ni “kada” jẹ́. Kí ìjọba Lugard tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú yìí ní nǹkan bí 1913, àwọn Gbagyi ti ń dáko ní agbègbè wa. Ní gúúsù ìpínlẹ̀ yìí kan náà ni abúlé Nok wà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi amọ̀ mọ ère ní èyí tó lé ní ọdún 2,000 sẹ́yìn. A bá àwọn ènìyàn níbí. Bí Àrómirẹ́ ṣe bá omi dọ́rẹ̀ẹ́ kí ó tó gbin ata, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àwa náà bá ilẹ̀ yìí àti àwọn tí ó ni ín dọ́rẹ̀ẹ́.

Ìkẹta ni Odò Romi. Ó ń ṣàn lọ sínú Odò Kàdúná. Odò Kàdúná ń gba Ṣiróró, níbi tí wọ́n ti ń fi omi rẹ̀ ṣe iná mànàmáná, lọ bá Odò Ọya ní ilẹ̀ Núpé. Ọya ló ń gbé e lọ sí òkun. Nítorí náà, ọ̀rá àti ike tí a bá jù sínú Romi láàárọ̀, ọ̀nà òkun ló kọrí sí. A kò lè máa sunkún pé wọ́n ń ba ọ̀sà jẹ́ ní Èkó, kí àwa náà sọ odò ẹnu ọ̀nà wa di ààtàn.

Nígbà tí mo bá tún rí ọmọ yẹn, èsì mi nìyí: “Ọmọ mi, ọ̀sà kì í ṣe òkun, kì í sì í ṣe odò. Ibi tí omi tó ti ilé wá àti omi tó ti òkèèrè wá ti pàdé, tí wọ́n sì gbà láti jọ máa gbé ni. Kò dàgbà tó bí a ti rò. Àlejò ló dá a, àlejò ló tẹ ìlú sí etí rẹ̀. Tí wọ́n bá pè ọ́ ní àlejò ní Kàdúná, má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Ṣáà jẹ́ àlejò tí ń tún ibi tó dé ṣe.”

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí odò wa gbẹ. Kí Ó jẹ́ kí àlàáfíà jọba ní Ungwan Romi àti ní gbogbo Kàdúná. Ọdún á yabo fún wa o. Àṣẹ.